Ọwọ́ Mi Lórí Orúnkún

Kẹ́tùlù ni mo fi mọ̀. Kẹ́tùlù ilé wa máa ń súfèé bí omi bá hó, súfèé tó lè jí òkú. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń sá aṣọ àwọn oníbàárà mi, mo sì gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Mo retí kó dákẹ́, kò dákẹ́. Nígbà tí mo wọlé, mo bá ọkọ mi lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń ka ìwé ìròyìn. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kẹ́tùlù ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ dáná sun wá mọ́lé ni?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó wo kẹ́tùlù, ó sáré pa iná. Ó ní òun ń ronú ni. Mo sọ̀rọ̀ sí i dáadáa, ẹnu mi kì í gbé nǹkan mì, mo sì padà sídìí aṣọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rù tó wá bà mí, nígbà tí mo ń gé búrẹ́dì, tí mo rántí irú ohùn tí kẹ́tùlù náà ní. Ohùn òkè ni. Ohùn tíńrín.

Etí ni ọkọ mi fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi apá jẹun, àwọn kan ń fi ẹnu jẹun, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù láyé. Bàbá Dùùrù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé àwọn tí ọmọ wọn ń kọ́ orin àkọsílẹ̀, kó ṣí inú dùùrù, kó fi sípánà rẹ̀ yí àwọn ìṣó tó ju igba lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ohùn gbogbo wáyà á fi bára mu. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Òun á ti lọ sílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé tí mo ti ń bá wọn lọ aṣọ nígbà ọmọge mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ń lọ aṣọ, ó ń tẹ ohùn kan ṣoṣo, tín, tín, tín, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyọ ohùn kan yìí náà lẹ mọ̀ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá gbọ́. Ó fi hàn mí pé bí wáyà méjì kò bá tíì dọ́gba, ohùn wọn á máa gbọ̀n: wáà, wáà, wáà. Bí wọ́n bá ṣe ń súnmọ́ra, gbígbọ̀n náà á máa falẹ̀, títí á fi dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú abọ́. Mo gbọ́ ọ. Mi ò mọ ìwé orin kà, títí dòní mi ò lè pe ohùn kan lórúkọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ ketekete. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun máa fẹ́ mi, torí pé ẹwà kọ́ ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ooru áyọ́ọ̀nù ti ṣe ojú mi bó ṣe wù ú.

Ọjọ́ náà ló sọ fún mi ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ: irin kì í kú láì ké. Irin ńlá kan wà nínú dùùrù tó di gbogbo wáyà mú. Ẹrù tí àwọn wáyà yẹn gbé lé e wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún sìmẹ́ńtì lọ. Bí dùùrù bá ti pẹ́ láìsí ìtọ́jú, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ kì í sì í fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Á fà á díẹ̀, á fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, á tún padà wá. Ẹni tó bá kánjú, irin á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Ohùn tíńtín kan á jáde lókè, níbi tí àwọn wáyà tó tínrín jù wà: kíń. Bí èékánná tó kan gíláàsì ni. Bó bá ti gbọ́ ọ, kó tú wáyà sílẹ̀ kíákíá, kó sì bẹ dùùrù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bí èèyàn bá rọra sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa nínú yàrá kejì, ó ń gbọ́. Fóònù ń fi ohùn tíńrín dún lápò rẹ̀, kò gbọ́. Àwọn ẹyẹ ń ké lójú fèrèsé láàárọ̀, ó ní, "Àwọn ẹyẹ ti kó lọ lọ́dún yìí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń pariwo lé wa lórí.

Èyí tó wá já mi láyà jù ni ti irin olóhùn rẹ̀, irin kékeré olórí méjì bí àmúga, tó máa ń lù mọ́ orúnkún kó tó fi ìdí rẹ̀ ti pákó dùùrù. Ibẹ̀ ló ti ń mú ohùn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbi iṣẹ́, mo sì bá a tó fi eyín mú ìdí irin náà, tó dijú pinpin. Egungun orí ló ń fi gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ọ̀nà tuntun ni. Ọkùnrin tó ti ń lo ọ̀nà kan ṣoṣo láti ọdún mọ́kànlélógójì!

Mo ní ó dà bíi pé ẹ̀yìn ń dùn ún, kí n máa bá a gbé àpò irinṣẹ́. Ẹ̀yìn kankan ò dùn ún. Òun náà kò jiyàn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di méjì. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan, mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, ó ń tún àwọn ohùn òkè ṣe, ó sì ti fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń gbọ̀n. Mi ò sọ̀rọ̀, torí olùkọ́ wọn wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí orúnkún, ìka mi kan sì ń lọ sókè sódò bí ohùn náà ṣe ń gbọ̀n, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń ṣe é. Ó wo ìka náà. Ó tún fi sípánà yí ìṣó náà díẹ̀. Ìka mi falẹ̀. Ó tún yí i. Nígbà tí ohùn dúró, mo da àtẹ́lẹwọ́ dé orúnkún, ó sì yọ sípánà, ó bọ́ sórí ìṣó kejì. Nígbà tí a ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó gbówó lórí la sọ.

Ọdún méjì la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. A ò sọ ọ́ rí, lọ́sàn-án tàbí lórí ibùsùn. Èèyàn bo ni lára ju aṣọ lọ, inú mi sì ń dùn pé èmi ni mo bò ó. Alágbàfọ̀ ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ láìfọ̀, ó ń bọ̀ wá rùn.

Ìbejì wa, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbi tó jìnnà. Obìnrin ni bàbá rẹ̀ sọ ní Oníka, nítorí ìka rẹ̀ gùn láti kékeré. Dùùrù tí bàbá rẹ̀ ṣà jọ láti ara òkú dùùrù mẹ́ta ló fi kọ́ orin nínú pálọ̀ wa. Bó bá ṣi ohùn kan, mo máa ń ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Tún un tẹ̀!" Á ní, "Màámi, ẹ ò mọ̀wé orin!" Á sì tún un tẹ̀. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ orin fún ọdún mẹ́fà nígbà tó pè wá lọ́jọ́ kan, tó ń sunkún ayọ̀. Ọ̀kẹ́sítírà kan, ẹgbẹ́ olórin tó ní ogójì èèyàn, ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá ìlú wa. Òun ni wọ́n mú láti tẹ dùùrù. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí. Bó bá lọ dáadáa, wọ́n á gbà á wọlé pátápátá.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa tún dùùrù yẹn ṣe o. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, eré ku ọjọ́ mẹ́ta. Dùùrù gbọọrọ dúdú ni, ó dára lójú. Ọkọ mi lu irin olóhùn, ó fi eyín mú un, ó tẹ ohùn kan. Mo rí ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan dùùrù náà láti ọdún mẹ́fà, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an, kò lè bá fèrè àti faolíìnì kankan mu mọ́.

Ó rọra sọ fún mi pé, "Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lèyí."

Alábòójútó gbọ̀ngàn ti dé ẹ̀yìn wa, ọ̀dọ́mọdé ọkùnrin tó wọ bàtà tó ń dán. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí wàhálà? Bí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ tètè sọ fún mi o. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé fóònù ló ń bá a gbọ́ ohùn. Ó ní wákàtí mẹ́rin péré ni."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé etí mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi. Bí èmi bá ti wà níbẹ̀, bí irin bá ké, a ó gbọ́. Ohun tó rò nìyẹn, èmi náà sì rò ó. Mo mi orí sí i pé kó gbà.

Ó ní, "Ọ̀la lẹ máa bá a ní pípé."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀. Alábòójútó jókòó sórí àga iwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n àwa ló ń wò. Ọkọ mi bọ́ kóòtù. Ó ń fa àwọn wáyà sókè, ìka mi ń lọ lórí orúnkún, gbogbo pákó dùùrù náà ń rọra dún gìrì-gìrì bí ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà tó di bíi wákàtí kẹta, mo gbọ́ ọ.

Kíń.

Mo wo ọkọ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń yí ìṣó lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ohun méjì péré ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n sọ: kò tíì tó, ó ti tó. A ò ní èyí tó ń sọ pé ẹ dúró. Bí mo bá máa sọ ọ́, ẹnu ni mo máa fi sọ ọ́, alábòójútó á sì gbọ́ pé alágbàfọ̀ ló gbọ́ ohun tí Bàbá Dùùrù kò gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú á ti mọ̀. Mo ní màá sọ fún un bí a bá jáde.

A jáde. Ó di ọwọ́ mi mú lójú pópó, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti di àgbà. Ó ní, "Ó gbà, Ìyá Ìbejì! Dùùrù yẹn gbà fún mi! Ọmọ mi á tẹ̀ ẹ́!" Ó ń fò bí ọmọ ogún ọdún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́? Mo ní bóyá pákó ni. Mo ní bóyá ẹsẹ̀ àga ni. Mi ò sùn dáadáa, mo kàn ń gbọ́ kíń nínú ohun gbogbo, nínú ṣíbí, nínú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n ń dánra wò. Ogójì èèyàn jókòó sórí pèpéle, adarí wọn mú ọ̀pá kékeré dání, Oníka sì wà nídìí dùùrù, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wù mí débi pé mi ò lè wò ó tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin náà lọ jẹ́jẹ́, ó gùn, ó sì dùn débi pé ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀. Lójijì Oníka gbé ọwọ́ sókè, ó dúró. Gbogbo wọn dúró.

Ó yíjú sí wa nísàlẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan? Ó dún bíi kíń, lápá òkè níbí."

Mi ò tíì rí etí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan náà rí, ogójì èèyàn tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń jẹun, gbogbo wọn ń wo ọkọ mi. Alábòójútó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi kò wo dùùrù. Ọwọ́ mi ló wò.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mẹ́nu, mo sì métè. Mo da àtẹ́lẹwọ́ dé orúnkún.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Pákó ló ń wá ibi jókòó." Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó gun orí pèpéle, ó tẹ̀ba sínú dùùrù, ó sún etí mọ́ àwọn wáyà tíńrín yẹn pẹ́kípẹ́kí. Ó ní, "Fi gbogbo ìka tẹ̀ ẹ́, kí n gbọ́."

Mo dìde. Mo pariwo pé, "Bàbá Ìbejì!" Ọmọ rẹ̀ ti fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́.

Irin ńlá inú dùùrù ṣẹ́, ó dún bí ìbọn. Àwọn wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n ń kérora lọ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku sì ń jáde láti inú rẹ̀. Wáyà kan ti ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi láti etí dé àgbọ̀n. Ó dúró ṣánṣán, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, ó ń wò káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Oníka ń pè é, "Bàbá mi! Bàbá mi!" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà wà. Kò yíjú.

Ní ọ̀nà tóóró ilé ìwòsàn, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, èmi àti ọmọ mi. Dókítà ti rán ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní etí ni òun kò lè ṣe nǹkan kan sí, pé ó jọ pé wọ́n ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀, ariwo náà ló parí iṣẹ́. Ọ̀kẹ́sítírà ti yan orin mìíràn tí kò ní dùùrù nínú.

Oníka ní, "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ bí mo bá ṣi ohùn láti ìdí aṣọ. Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ ni?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ."

"Lónìí?"

"Lánàá náà."

Ó sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í ṣe púpọ̀, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti jókòó. Ìgbà yẹn ni wọ́n mú bàbá rẹ̀ jáde, wọ́n ti fi aṣọ dì í lórí. Ó rí mi, ó sì ké sí mi láti òpin ọ̀nà náà, torí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́:

"Ọwọ́ rẹ ni mo ń wò o!"

Gbogbo èèyàn yíjú. Inú kò bí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ìbínú ì bá sàn fún mi.

Ó di oṣù méje báyìí. Kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́. Láàárọ̀, á jókòó ti dùùrù pálọ̀, á fi eyín mú irin olóhùn tó fi sápò ẹ̀wù rẹ̀, á dijú, á tún yọ ọ́. Kẹ́tùlù ń súfèé, èmi ni mo ń sáré pa á.

Oníka ò wá wò wá, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kí mi, ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó jókòó ti dùùrù, ó tẹ orin jẹ́jẹ́ yẹn fún bàbá rẹ̀. Mo jókòó sórí àga mi. Ohùn òkè ti bàjẹ́, ó ń gbọ̀n burúkú, ọmọ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìfi hàn, torí àánú bàbá rẹ̀. Mo mọ irú àánú yẹn. Nígbà tó parí, ọkọ mi wo orúnkún mi. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, mo ṣí i sílẹ̀ gbangba pé kò dára, ohun tí mi ò ṣe rí.

Ó wò ó títí. Ó dìde, ó lọ tú àpò irinṣẹ́ tí kò tú láti ọjọ́ yẹn, ó sì gbé sípánà lé e.

Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tì í bọ orí ìṣó tó gbẹ̀yìn lókè, Oníka tẹ ohùn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, mo ń retí kíń. Ọwọ́ mi kejì wà lórí orúnkún. Ọkọ mi kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.